Adìẹ Tí Kò Jinná Tán

Ẹran tó bá le, owó rẹ á pẹ́ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ta adìẹ díndín fún ọdún mẹ́sàn-án ní Àgọ́-Ìwòyè nìyẹn, nítòsí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Àwọn ọmọ náà á dúró níwájú àwo mi, wọ́n á fi eyín fa itan adìẹ bí ẹni ń fa okùn kànga, wọ́n á ní, "Ìyá Aládìẹ, adìẹ yìí ti ṣe sójà rí o." Mà á ní, "Ó ti fẹ̀yìn tì, ẹ rọra jẹ ẹ́, àgbà ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹ ẹ́ dé egungun, wọ́n á tún padà wá lọ́la.

Ọ̀dọ̀ màámi ni mo ti kọ́ ọ. Àgbébọ̀ ni wọ́n ń tà ní Àtìkòrì, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi: adìẹ tó ti yé ẹyin títí tí ọ̀rọ̀ ẹyin fi sú u. Bí oníbàárà bá béèrè pé, "Ìyá, ṣé adìẹ yìí gbó dáadáa?" màámi kì í bá a jiyàn. Wọ́n á mú egungun kan nínú èyí tí wọ́n ti sè sílẹ̀ fún ìtọ́wò, wọ́n á jù ú sẹ́nu, wọ́n á fi eyín fọ́ ọ páú níwájú onítọ̀hún, wọ́n á ní, "Ṣé o gbọ́?" Ohùn egungun yẹn ni ìwé ẹ̀rí wọn. Èmi náà ò kàwé lọ títí. Ohùn egungun yẹn ni mo gbọ́ ju agogo ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Rónkẹ́ àbúrò mi pè mí, ní ọdún kẹta tí mo ti dé Ìlú Ọba, tó ní, "Àǹtí mi, màámi ò jẹran mọ́," mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹran lọ. Ẹ̀yìn ilé oúnjẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́sìbìn. Mi ò sunkún. Ẹnì kan ti ju bàtà sínú dọ́sìbìn náà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí Rónkẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ kejì wà ni mo ń rò.

Àwọn tó bá bi mí pé kí ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbí máa ń retí kí n sọ pé òtútù ni. Òtútù kọ́. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí mo bá jáde láàárọ̀, kí n tó dé orí títì, mo ti kí ogún èèyàn, mo ti bá méjì jà, mo ti bẹ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Níbí, mo kí obìnrin kan ní ibùdókọ̀, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Lọ́jọ́ kejì mo tún kí i. Lọ́jọ́ kẹta ó ti yí ibùdókọ̀ padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan nínú mi kàn dákẹ́ ni. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. O mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, o ń wò ó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, àwọn tó dúró tì ọ́ ni wọ́n máa bá ọ ṣe "yéè". Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń sùn, mò ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Bí wọ́n bá ní kí n rẹ́rìn-ín mà á rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín kì í wọ́n mi. Òun nìkan ló bá mi wọ bàálù tí kò sọnù.

Ará Bangladẹ́ṣì ló ni ilé oúnjẹ náà. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ilé oúnjẹ Íńdíà, ọ̀gá wa ò sì bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá kówó wá, orúkọ tó bá wù ú ni kó pè ọ́. Kọ́rì ni wọ́n ń tà. Kọ́rì tí èmi sì mọ̀ nílé ni ìyẹ̀fun inú agolo kékeré, ṣíbí tíì kan fún odindi ìkòkò, ó tán. Níbí, kọ́rì ni ọbẹ̀ gan-an, wọ́n sì ní oríṣi rẹ̀ tó tó mọ́kànlélógún lára ìwé oúnjẹ wọn. Mo wo inú ìkòkò wọn dáadáa, mo rí i pé ọbẹ̀ àlùbọ́sà kan náà ni gbogbo rẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀ fún un. Ọ̀nà ajé yẹn wù mí. Mo ní, àwọn èèyàn yìí, ó kù díẹ̀ kí wọ́n jẹ́ Ìjẹ̀bú.

Àwo ni mò ń fọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ àgbà ìdáná jẹ́ ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó gé kúrú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń pè é ní Bàbá Ìdáná. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni "bàbá". Mo sọ fún un. Ó ní òun ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń sọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹni tó máa ń se adìẹ sílẹ̀ kò wá. Ọ̀gá wọ ilé ìdáná, ó ní, "Ta ló mọ adìẹ sè níbí?" Mo nu ọwọ́ mi, mo ní, "Ẹ má bi ẹja bóyá ó mọ odò." Bí mo ṣe sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò dára tó báyìí, ṣùgbọ́n ó yé e. Ó fi adìẹ hàn mí, kìkì àyà, tí wọ́n ti yọ egungun àti awọ kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ó ní, "Kàn sè é sílẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, àwọn tó wà nídìí iná ló máa parí ẹ̀." Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Mi ò kàn gbà á gbọ́ ni. Kí ló máa kù láti parí nínú adìẹ tí èmi bá sè?

Mo bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, táìmù, iyọ̀ àti kúùbù tí mo máa ń gbé sínú báàgì mi bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé oògùn. Mo bọ̀ ọ́ títí ó fi súnkì. Mo sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, mo wá da òróró síná, mo dín in. Mo dín in bí mo ṣe ń dín in ní Àgọ́-Ìwòyè, títí tó fi pọ́n, tó ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nígbà tí mo mì í nínú tíréè. Ìkòkò kan ló wọlé, ààbọ̀ rẹ̀ ló jáde. Mo wò ó, orí mi wú. Ó jọ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni nǹkan kan mì nínú mi ní ọdún yẹn.

Nígbà tí àwọn oníbàárà dé, wọ́n da adìẹ mi sínú ọbẹ̀, wọ́n tún sè é. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ọkùnrin kan bi ẹni tó gbé oúnjẹ fún un bóyá egungun wà nínú rẹ̀. Kò sí egungun kankan níbẹ̀, adìẹ náà ló pinnu láti di egungun. Ọ̀gá mú ẹyọ kan, ó fi lu tábìlì, ó dún. Ó ní, "Ṣé igi ni?"

Mo ní, "Ọ̀gá, eyín àwọn oníbàárà yín ló ń ṣe ọ̀lẹ."

Ó dá mi padà sídìí àwo. Ó ní kí n má ṣe fọwọ́ kan adìẹ mọ́ títí òun yóò fi sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé omi ìdọ̀tí jáde lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ìdáná ni mo bá lẹ́yìn ilé. Ó gbé àwo adìẹ mi lọ́wọ́, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Ó ní, "Àkùkọ abúlé wa máa ń rí báyìí. Ìyá mi ló máa ń sè é." Ó jẹ òmíràn. Ó ní, "Ó dára. A ò kàn lè tà á ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Rónkẹ́ tún pè. Ní Àgọ́-Ìwòyè ló ń gbé, ó ń tún ọ́fíìsì ṣe ní yunifásítì, ó sì máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Àtìkòrì lọ́dọ̀ màámi ní gbogbo ọ̀sán tó bá ti ṣíwọ́. Màámi ti ṣàìsàn díẹ̀ ṣáájú. Àìsàn náà lọ, kò dá oúnjẹ padà. Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé bí wọn ò bá jẹ ẹran tàbí ẹja tàbí ẹyin, okun wọn ò ní padà, wọ́n sì lè má dìde mọ́. Màámi ní ẹja tó ń ti Ìbíadé wá légungun jù. Wọ́n ní ọmọdé ló ń jẹ ẹyin. Gàrí rírẹ nìkan ni wọ́n ń mu. Rónkẹ́ ní ìró wọn tó ń yí ìdí wọn po lẹ́ẹ̀méjì tẹ́lẹ̀ ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Rónkẹ́ ló máa ń di fóònù mú fún wọn, torí bí wọ́n bá gbé e sétí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á pa á.

Mo ní, "Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ẹ ò jẹran."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo jẹ itan kan lánàá."

Mo gbọ́ Rónkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Itan náà ló wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìrọ̀rí yìí."

"Ológbò ló gbé e síbẹ̀."

"A ò ní ológbò, màámi."

"Ti ará ilé kejì ni. Ẹ kí i fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Rónkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Èmi àti òun la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ jáde: eyín màámi ti lọ. Ó ku bíi mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì dojú kọ ara wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi etí ìró bo ẹnu bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi eyín gbọ́ bùkátà, tí gbogbo Àtìkòrì ti gbọ́ ohùn egungun lẹ́nu rẹ̀, ta ló fẹ́ lọ bá a pé kó wá jẹ ohun rírọ̀? Ó sàn fún wọn kí wọ́n gbé ẹran sábẹ́ ìrọ̀rí ju kí wọ́n gbé ìtìjú sórí tábìlì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fọ àwo kí Bàbá Ìdáná tó bá mi bẹ ọ̀gá. Ó pè mí sídìí iná, ó ní, "Wá wò ó. Adìẹ tí a bá sè sílẹ̀, a kì í sè é tán. Iná méjì ló máa rí. Ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ti èkejì."

Ó da òróró síná, ó fi áyù àti jínjà lílọ̀ sí i, ó fi àtalẹ̀ pupa, ewé gbígbẹ méjì àti èèpo igi kan tó ń ta sánsán sí i. Ó bu ọbẹ̀ àlùbọ́sà ṣíbí kan lé e. Ìgbà yẹn ló da adìẹ sí i, ó ń yí i títí ara rẹ̀ fi funfun, ó dé e, ó dín iná kù. Kò tíì pẹ́ rárá ló mú ẹyọ kan, ó gé e láàárín, ó fi hàn mí: kò sí pupa níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí tíréè kí ó tètè tutù, ó tọ́jú omi rẹ̀, ó kó o sí fíríìjì. Ó ní àwọn kan máa ń fi omi àtalẹ̀ pupa lásán bọ̀ ọ́, ìyẹn yá, kò ládùn tó. Èyí tí wọ́n bá sì fi wàrà kíkan àti ata pa lára di ọjọ́ kejì, irin ni wọ́n ń fi gún un, wọ́n á kì í bọ inú ààrò amọ̀, etí rẹ̀ á jó díẹ̀, omi á sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ láìgé e?"

Ó fi ìka tẹ ẹran ọwọ́ ara rẹ̀, ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ó ní kí n tẹ tèmi. "Bó bá rí báyìí lọ́wọ́ rẹ, gbé e kúrò lórí iná."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan ara mi láìjẹ́ pé mò ń wẹ̀ ẹ́.

Mo ronú sí i nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní, àwa tí a wà níbí, wọ́n sè wá dé ìdajì nílé, wọ́n tẹ́ wa sórí tíréè, a tutù tán, à ń retí ẹni tó máa béèrè wa. Lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín sí ara mi. Adìẹ kì í ronú báyìí, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi rọ̀.

Mo sọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún Rónkẹ́. Ó ra àyà adìẹ àgíríkì, ó sè é bí mo ṣe wí, ó gbé e fún màámi. Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n wo ojú Rónkẹ́, wọ́n ní, "Ta ló ń kú lọ níbí? Ẹran abirùn lo gbé wá bá mi." Wọ́n ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n dojú kọ ògiri. Rónkẹ́ sunkún lórí fóònù.

Ó ní, "Àǹtí mi, ìwọ kì í sunkún?"

"Mo wà níbi iṣẹ́."

"Ṣé ọ̀gá rẹ ló ń fàṣẹ sí ẹkún ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó pa fóònù. Mi ò pè é padà. Mo wọlé, mo gé àlùbọ́sà àpò kan, ojú mi ń ṣomi, àwọn tó wà níbẹ̀ ń bá mi kẹ́dùn nítorí àlùbọ́sà. Èmi náà mọ̀ pé àlùbọ́sà lásán ni. Bó bá jẹ́ ẹkún, inú mi ì bá dùn.

Ohun tó là mí lójú ò tó nǹkan. Ilé oúnjẹ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lódìkejì títì, ọ̀gá bá ra kọ́rì wọn wá kí á mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàbá Ìdáná tọ́ ọ wò. Ó ní adìẹ wọn kò ní láárí. Ó tún tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ rẹ̀ burú. Ó mú òmíràn, ó ní ẹni tó sè é kò ní ìyá. Ó bú u, ó bú u, nígbà tó máa fi bú u tán, àwo ti gbẹ. Mo dúró tì í pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. Mo ní, ẹ wo ọgbọ́n.

Nígbà tí a sinmi lọ́sàn-án, mo pe ilé.

"Màámi, ẹjọ́ ni mo mú wá."

"Ta lo bá jà?"

"Wọ́n ní mi ò mọ adìẹ sè."

 Ohùn wọn yí padà, ó di ohùn ọjà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá mi. Ó fi adìẹ mi lu tábìlì lójú gbogbo èèyàn, ó dá mi padà sídìí àwo." Òótọ́ sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ díẹ̀. "Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sè tiwọn ni kí gbogbo ayé máa sè é. Rónkẹ́ ti sè é bíi tiwọn gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ ka àbùkù rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè fi dá wọn lóhùn."

"Ọmọ ta ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"Ọmọ yín ni."

"Rónkẹ́," ni màámi wí, "gbé ẹran yẹn wá."

Mo gbọ́ ohùn àwo. Ó pẹ́ díẹ̀. Màámi ní, "Ọ̀kan: iyọ̀ ò dé ibẹ̀." Ó tún pẹ́. "Èkejì: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ó dà bí ẹni tí ibà mú." Ó tún pẹ́ ju tàkọ́kọ́ lọ. "Ẹ̀kẹta: kò bá èèyàn jà. O fi sẹ́nu báyìí, ó ti gbà fún ọ. Ẹran tí kì í bá èèyàn jà, ṣé ẹran nìyẹn?"

Rónkẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Wọ́n ti jẹ ẹyọ márùn-ún."

Mo ní, "Màámi, ẹ ṣé. Ṣé ó tán?"

"Ó tán kẹ̀? Àbùkù ọjọ́ kan kọ́ ni èyí. Kó tún sè é lọ́la."

Bó ṣe di iṣẹ́ wa nìyẹn. Lójoojúmọ́, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, mà á jáde sẹ́yìn ilé, màámi á sì jókòó síwájú adìẹ bí adájọ́. Wọ́n rí àbùkù lára àtalẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí àbùkù lára ewé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Rónkẹ́ fi wàrà kíkan pa á lára, ó sun ún lórí èédú, màámi ní àwọn tó ṣe irú èyí ti fi wàrà fìyà jẹ ẹran, síbẹ̀ màámi jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àbùkù tó ṣẹ́kù, ara ọ̀gá mi ni wọ́n ti ń wá a: wọ́n ní ó dájú pé ọmọ tí wọ́n fi wàrà inú agolo tọ́ ni.

Mo máa ń wọlé lọ sọ ọ́ fún Bàbá Ìdáná. Ó máa ń tẹ́tí dáadáa. Nígbà tí mo sọ ti iyọ̀ fún un, ó ronú, ó ní, "Ó jọ pé ìyá rẹ tọ̀nà." Ó fi iyọ̀ kún un. Kò sẹ́ni tó dá àwo padà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti fi ìkòkò adìẹ lé mi lọ́wọ́ nígbà náà, mi ò fọ àwo mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo wo inú mi bí ẹni ń wo àpótí, mo rí i pé nǹkan náà wà níbẹ̀, ó kàn tutù ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Rónkẹ́ ní màámi ti ń jókòó síta, wọ́n ti ń bú àwọn tó ń kọjá. Ó ní ìró wọn ti padà sí ẹ̀ẹ̀méjì ààbọ̀. Mo ní, "Ààbọ̀ wo?" Ó ní, "Èyí tó kù ni wọ́n ń fi nu ọwọ́." Mo ní kó gbé fóònù fún wọn.

Màámi kí mi. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Mo retí àbùkù ọjọ́ náà, kò wá. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tí kò kánjú mọ́.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá rẹ yẹn, ṣé ó ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Rárá, màámi. Ó ti gbà pé mo mọ̀ ọ́n sè."

"Ó ti pẹ́ tó ti gbà?"

 Mo ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Mo ti rò bẹ́ẹ̀." Wọ́n jẹ ẹyọ kan sí i. Ohùn wọn wá rẹlẹ̀, ó jọ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù. "Eyín mi ti lọ, ìwọ ọmọ yìí. Ó ti lọ tipẹ́. Má sọ fún Rónkẹ́."

Rónkẹ́ ló di fóònù náà mú níwájú ẹnu wọn.

Mo ní, "Mi ò ní sọ."

 Rónkẹ́ wúkọ́, ó ní kí n dúró, òun fẹ́ bu omi fún màámi. Ẹnì kan pè mí láti inú ilé ìdáná pé adìẹ mi ti ń hó. Mo dúró.